Ọmọ Tó Ń Febi Pa Ara Rẹ̀

Ìlú ọsàn ni Fìdítì. Ní àsìkò rẹ̀, ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó a kún ẹ̀bá títì, kò sì sí ẹni tí yóò fura sí ọmọbìnrin tó bá fi ọsàn panu láàárọ̀. Ó lè pẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀ pé ọsàn náà ló jẹ lọ́sàn-án, òun náà ló jẹ lálẹ́, pé adìyẹ ló ń jẹ àmàlà tí wọ́n ń bù sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun ti jẹun nílé ọ̀rẹ́ òun, tàbí pé ààwẹ̀ lòun ń gbà.

Bí àgbàlagbà kan ní Ìlọrà bá rí ọmọ tó ti pẹ́ tó wálé, tó ní "O mà ti sanra o", ó yìn ín ni. "O ti rù" lọ̀rọ̀ tó ń dun ìyá. Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí Agbani Darego, ọmọ Nàìjíríà tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, gba adé Miss World ní 2001, ara pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wu ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Nàìjíríà. Lẹ́pa di oríyìn, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀bọ̀ bú ọmọ ní kíláàsì.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Fiji, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn ara tó kún bíi tiwa. Ní 1995, tẹlifíṣàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè kan níbẹ̀, dókítà Anne Becker láti Amẹ́ríkà sì wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní òun ń fipá bì nítorí àtirù. Nígbà tó máa fi di 1998, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti lé ní 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹlifíṣàn nìyẹn o. Fóònù ń bá ọmọ wọ orí ibùsùn.

Kí ló dé tí ọmọ tó ń febi pa ara rẹ̀ kò lè ṣíwọ́? Àwọn baba wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, fi ìdí èyí múlẹ̀ ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ní 1944 sí 1945. Ọ̀dọ́kùnrin 36 tí ara wọn le, tí orí wọn pé, ló yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n sì dín oúnjẹ wọn kù sí bí ìdajì fún oṣù mẹ́fà. Oúnjẹ nìkan ló kù tí wọ́n ń rò. Àwọn kan ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìtàn, inú ń bí wọn, ìrẹ̀wẹ̀sì mú wọn. Nígbà tí wọ́n fún wọn lóúnjẹ padà, àwọn mìíràn ń jẹ, wọn kò yó.

Ohun tó ń ṣe ọmọ wa nìyẹn. Ebi á pa á títí ara á fi gbẹ̀san: lóru, á jẹ ìkòkò kan tán. Ojú á tì í, á lọ bì í. Àárọ̀ yóò mọ́, á tún fi ebi jẹ ara rẹ̀ níyà. Èébì yìí ń gbé èròjà potassium tí ọkàn fi ń lù déédéé jáde, omi kíkan inú rẹ̀ a sì máa jẹ eyín. Òtútù á máa mú un, irun á máa já, nǹkan oṣù á dáwọ́ dúró. Àwọn ará ilé á ní ọgbẹ́ inú ni, tàbí ọwọ́ ayé.

Ẹ má wo ara nìkan o. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ tí wọ́n ń bì kò rù rárá, ọkùnrin sì wà nínú wọn. Ìdààmú ọkàn kan náà nípa ìrísí ara ló ń ti àwọn mìíràn dé ìdí oògùn àfisanra kí ìdí wọn lè yọ. Èyí tó ní steroid ń fa omi sára, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wá.

Ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá a jókòó jẹun, ẹ má sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nídìí abọ́. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ wò. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú irú rẹ̀ wà ní UCH Ìbàdàn. Bí ó bá dákú, tàbí tí àyà rẹ̀ ń já lẹ́yìn tó bì, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.