Àyè Láti Tún Ọkọ̀ Ìjàpá Ṣe

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bóyá Volkswagen Ìjàpá bàbá yín ṣì wà lẹ́yìnkùlé ní Òkè-Fíà, l'Óṣogbo, tí ẹ ń sọ pé ẹ kò ráyè tún un ṣe. Láti 2003 ni wọn kò ti ṣe irú rẹ̀ mọ́. Èyí tó bá bàjẹ́ ti lọ nìyẹn.

Ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ ní Sátidé, fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ kó nọ́ọ̀tì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú agolo tirẹ̀, kí Sátidé kejì má baà tán sórí wíwá wọn.

Rọ́bà pẹtiróòlù ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Bí rọ́bà gbígbó bá ń jò sí i lára nígbà tó gbóná, iná lè sọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.