Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àwọn tó gba community college dé yunifásítì

Bí ọmọ bá ti gba BAC ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́, ohun tí ará ilé máa ń béèrè ni pé: yunifásítì wo ló ń lọ? Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń pè ní community college. Láti 1901 ni Joliet Junior College ti wà ní ìpínlẹ̀ Illinois. Owó ibẹ̀ kéré sí ti yunifásítì, ọmọ sì lè máa gbé ilé òbí rẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́. Tom Hanks, òṣèré tí ayé mọ̀, Chabot College ní California ló lọ kó tó wọ yunifásítì ní Sacramento.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí yunifásítì kò bá gbà wọlé, àtúnkọ́ ni, owó mìíràn sì ni. Kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tó ń fojú sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa gbà, kó sì gba èsì náà ní kíkọ.

Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ rán ọmọ lọ láti ibí, ẹ tún ìṣirò yín ṣe. Owó àjèjì sábà máa ń ju ti ọmọ ìpínlẹ̀ lọ. Ẹni tó ní físà F-1, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ẹ má fi owó iṣẹ́ yẹn ṣe ìpìlẹ̀ ìrìn-àjò ọmọ yín.