Ọkọ̀ Elégáàsì Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Jí

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ni ìṣirò àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti yí padà. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di ₦617 kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó sì lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo kí ọdún 2024 tó kógbá sílé. Lọ́dún 2023 kan náà ni ìjọba dá ètò Presidential CNG Initiative sílẹ̀, kí àwọn ọlọ́kọ̀ lè máa fi gáàsì rìn. Ní Mowe àti Ibafo lónìí, kò ṣòro láti rí Corolla tí ìgò gáàsì ti gba ìdajì búùtù rẹ̀.

Èrè rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ. A kì í sọ̀rọ̀ tó nípa àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá kọ̀ tí kò jí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa ní Mowe, Bàbá Ìbejì, ń fi Corolla rẹ̀ kó èrò lọ sí Berger. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bá a so gáàsì mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé ìdílé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, kò jí. Mẹkáníìkì tí ó kọ́kọ́ dé ní fúẹ̀ pọ́ǹpù ni. Wọ́n ra pọ́ǹpù, nǹkan kò yí padà. Èkejì wá láti Ibafo, ó ní ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bíréènì, ti jó. (Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sáré lọ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wá ọ̀pọ̀lọ́ tí ó kú síbẹ̀. Èdè wa kì í fi àmì ohùn ṣeré.) Owó bíréènì tòkunbọ̀ tí ó dá lé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé-ìwé tààmù kan.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó kí a tó fi owó àjọ mi sí i.” Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ riwáyà ní Ifọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà máa fi ráyè dé, ọjọ́ Ẹtì mìíràn ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ kò tíì pa kọ́bọ̀ wọlé.

Kí ẹ tó lè lóye ohun tí ó ṣe, ẹ ní láti mọ ohun tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ náà. Inú ìgò ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń rọ gáàsì sí, agbára rẹ̀ sì ń tó 200 bar, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn inú táyà. Ẹ̀rọ kan ń dín in kù sí nǹkan bíi 2 bar kí ó tó dé ibi tí àwọn nọ́súlù gáàsì ti ń fún un sínú ẹ́ńjìnnì. Bíréènì kejì, tíí ṣe ti gáàsì, ni ó ń pàṣẹ fún àwọn nọ́súlù wọ̀nyí. Kò ní ìmọ̀ tirẹ̀. Ohun tí bíréènì àtilẹ̀wá ń sọ fún nọ́súlù epo ni ó ń gbọ́, tí ó sì ń túmọ̀ fún ti gáàsì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gé wáyà nọ́súlù epo kí wọ́n lè mú un gba inú bíréènì tuntun kọjá. Wọ́n tún ń yọ wáyà kan láti mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti kan wáyà ọkọ̀ gan-an nìyí, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ ni pé epo ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń jí. Ìgbà tí omi ẹ́ńjìnnì bá gbóná díẹ̀ ni ó ń bọ́ sórí gáàsì fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ owó tí ó jẹ́ kí táńkì gbẹ yóò jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan bá ọkọ̀ tí gáàsì kún inú rẹ̀ tí kò lè gbéra. Epo náà ni ó ń tu fúẹ̀ pọ́ǹpù lára. Bí táńkì bá ń gbẹ lemọ́lemọ́, pọ́ǹpù yóò jó.

Abájọ tí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí riwáyà náà bi í fi jẹ́, “Àna wa, ṣé epo wà nínú táńkì?” Epo wà. Ó wọn bátìrì: ó lé ní 12 volt, kò sì lọ sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ bọ́tìnì gáàsì mọ́lẹ̀ bí ó ṣe ń ṣí kọ́kọ́rọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gáàsì ni a lè fi jí ọkọ̀ ní pàjáwìrì láìlo epo. Bí ó bá jí báyìí, ọ̀nà epo ni àìsàn wà. Kò jí. Ó yọ kọ́ìlì kan, kò sí iná ní ojú púlọ́ọ̀gì.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni ó wú mi lórí jù. Ó ki ojú síkánà bọ ihò tí ó wà lábẹ́ sítíárìn (gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ó ní in), ó ní kí àna rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí lójú wa, ṣùgbọ́n òdo ni síkánà kọ síbi tí ó ti yẹ kí ó ka ìyára rẹ̀. Kóòdù P0335 tẹ̀ lé e. Ní ti bíréènì àtilẹ̀wá, ẹ́ńjìnnì náà kò mira rárá. Kí ni yóò torí rẹ̀ fún un ní iná tàbí epo?

Ó tẹ̀ lé wáyà sẹ́ńsọ̀ náà títí ó fi dé ibi tí wọ́n wé téèpù dúdú mọ́. Abẹ́ téèpù yẹn ni àwọn tí ó so gáàsì ti fi ọ̀bẹ họ wáyà, tí wọ́n sì lọ́ tiwọn mọ́ ọn láìfi òjé jó o. Ọ̀bẹ ti gé púpọ̀ nínú àwọn fọ́nrán inú rẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó kù gbé ọkọ̀ náà fún ọjọ́ méjì kí ó tó já. Ó gé ibẹ̀ kúrò, ó fi òjé jó o dáadáa, ó wé e. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Bíréènì tí wọ́n ní ó jó kò ṣe nǹkan kan.

Kò fọwọ́ kan ọ̀nà gáàsì rárá, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u. Ìkìlọ̀ náà tọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìgò ọkọ̀ kan bú gbàmù nígbà tí wọ́n ń rọ gáàsì sí i ní ìlú Benin. Àwọn aláṣẹ ètò CNG sọ pé ìgò tí wọ́n jó pọ̀ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún irú gáàsì bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó so gáàsì kò dá owó pọ́ǹpù padà. Wọ́n ní ọkọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ó kúrò lọ́wọ́ wọn, òótọ́ sì ni. Bí ẹ bá fẹ́ so tiyín, ẹ ní kí wọ́n kọ àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan àti ibi tí wọ́n so ó mọ́ sínú ìwé kí ẹ tó sanwó. Riwáyà Ifọ̀ béèrè ìwé yẹn kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì tí ó fi ń tú téèpù.