Ta Ni Ó Ni Géèmù Tí A Fi Owó Rà?

Ẹ̀yin òbí tí ń gbé agbègbè Ọbáfẹ́mi, ní Mowe àti Ibafo, títí dé Ifo, ẹ kò ṣàì mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ ń kóra jọ sí lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù ojú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ àgbà ka eré wọ̀nyí sí ìranù. Ṣùgbọ́n owó tí à ń ná lé e lórí kì í ṣe ìranù, nítorí náà ó yẹ kí a mọ irú ọjà tí à ń rà.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sony gbé PlayStation jáde ní Japan ní ọdún 1994, wọ́n fi àmì kan pamọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àwo géèmù kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ̀rọ tí a fi ń da àwo kọ kò lè ṣe irú rẹ̀. Bí PlayStation kò bá rí àmì náà, kò ní ṣí géèmù. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n fi òjé lẹ ẹ̀yà kékeré kan mọ́ inú ẹ̀rọ náà, èyí tí ń purọ́ fún un pé àmì wà níbẹ̀. Báyìí ni àwo àdàkọ fi gba ọjà kan.

Àwa kò pe èyí ní ohun rere. Ẹni tí ó ṣe géèmù kò yàtọ̀ sí àgbẹ̀ Ọ̀fàdà tí ń lé ẹyẹ lórí ìrẹsì rẹ̀, òfin tí Ààrẹ Buhari sì bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023 ka jíjá irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í tẹ̀lé ẹni tí ó ra ìrẹsì dé ìdí ààrò láti sọ ọjọ́ tí yóò sè é. Èyí gan-an ni kọ́kọ́rọ́ òde-òní ń ṣe.

Ní ọdún 2014 ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé géèmù ìwakọ̀ kan jáde, The Crew ni orúkọ rẹ̀. Bí ènìyàn tilẹ̀ fẹ́ dá nìkan ṣeré, dandan ni kí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ bá ti ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n pa ẹ̀rọ tiwọn. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra àwo náà, tí àwo sì wà ní ilé rẹ̀ láìní ẹ̀gbin, kò rí i lò mọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Nintendo mú Switch 2 wá. Lára káàdì géèmù rẹ̀ ni irú kan wà tí kò ní géèmù nínú rárá, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni. Dátà ni a ó fi fa géèmù fúnra rẹ̀ wá. A ṣì lè yá ọmọ aládùúgbò ní káàdì yìí, ṣùgbọ́n bàbá tirẹ̀ náà yóò ra dátà, lẹ́yìn owó epo jẹnẹrétọ̀! Èyí tí a rà láìní àwo tàbí káàdì ńkọ́? Kì í ṣe é tún tà fún ẹlòmíràn.

Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025: ẹni tí ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ sọ pé oníbàárà “rà á” láìjẹ́ kí ó yé e gbangba pé ìyọ̀ǹda lásán ni ó gbà.

Níhìn-ín, kí ẹ tó san owó, ẹ bi òǹtajà bóyá odidi géèmù wà nínú ohun tí ó nà sí yín, àti bóyá yóò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gba páálí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀; lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́ síbẹ̀.