Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ gééjì epo ọkọ̀ kò fojú kan epo rí?

Inú táǹkì ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ike tàbí idẹ kékeré kan ń léfòó lórí epo, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e dání. Bí epo bá ń fà, ọ̀pá á máa rìn lórí wáyà wíwé, iná tó ń lọ sọ́dọ̀ abẹ́rẹ́ á sì máa yí padà. Iná yẹn nìkan ni abẹ́rẹ́ mọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé awakọ̀ Adja-Ouèrè ní orílẹ̀-èdè Benin lè máà wo abẹ́rẹ́ rárá? Lẹ́bàá títì Ikpinlè, epo kpayo tó ti Nàìjíríà wọlé wà nínú ìgò lórí tábìlì. Ẹni tí gééjì Peugeot 504 rẹ̀ ti kú, iye ìgò tó rọ ló ń kà. Ọkọ̀ náà ti dàgbà: ọdún 1968 ló jáde, ilé iṣẹ́ Kaduna ní Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975. Àmọ́ látìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí kpayo sì wọ́n gógó, ó sàn kéèyàn tún gééjì ṣe.

Volkswagen ìjàpá ayé àtijọ́ tilẹ̀ wà láìní gééjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń wúkọ́, awakọ̀ á fẹsẹ̀ yí ọwọ́ kékeré kan, epo ìpamọ́ á dé.

Ṣé o mọ̀ pé wáyà kan lè tú àṣírí àrùn tó ń ṣe gééjì? Rí i pé òórùn epo kò sí níbẹ̀. Yọ wáyà tó wọ orí táǹkì, yí kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ á lọ sí ìpẹ̀kun kan. Fi ẹnu wáyà kan irin ara ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́: bó bá sún lọ sí ìpẹ̀kun kejì, abẹ́rẹ́ ò jẹ̀bi, wáyà ò jẹ̀bi. Bí kò bá mira, yẹ fíúsì wò, kí o tọpa wáyà náà dé iwájú.

Bí abẹ́rẹ́ àti wáyà ò bá jẹ̀bi, má tíì tú táǹkì o! Nínú ẹrẹ̀ òjò ọ̀nà Massè, ìpẹtà lè jẹ ibi tí táǹkì ti kan ara ọkọ̀, iná ò sì ní rọ́nà padà. Fi wáyà tuntun so méjèèjì pọ̀ ná. Oníwáyà lè má rántí èyí, kó ti ní kí o lọ ra gééjì.

Bó bá wá di dandan kí o tú u, gbé idẹ tó ń léfòó sétí, kí o mì í. Bí o bá gbọ́ tí nǹkan ń ró nínú rẹ̀, ó ti lu, epo ti wọ̀ ọ́, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí táǹkì fi lè kún bámú kí abẹ́rẹ́ máa sọ pé ó ti gbẹ.