Fífi Ọwọ́ Tún Ìbò Kà: Àgbéyẹ̀wò Ìrírí Ìpínlẹ̀ Florida àti Minnesota

Ìfáàrà

Bí ìbò tí olùdíje kan fi borí èkejì kò bá ju díẹ̀ lọ, àríyànjiyàn a máa wáyé lórí ìwé ìdìbò tí ẹ̀rọ kò rí kà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé òfin tí ó ti wà nílẹ̀ kí ìkà tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ń fún àtúnkà ní iyì. Ìpínlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Florida, 2000

Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún náà, ọ̀pọ̀ agbègbè ní Florida ń lo páálí tí olùdìbò ń fi irin ṣóńṣó lu ihò sí. Bí èérún páálí náà kò bá já, ẹ̀rọ lè má kà á. Èyí tí ó ṣì so rọ̀ ńkọ́? Èyí tí ó kàn tẹ̀ wọnú ńkọ́? Òfin ní kí a wo èrò ọkàn olùdìbò, ṣùgbọ́n kò sọ bí a ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí agbègbè kan gbà ni òmíràn kọ̀. Ní Palm Beach, wọ́n tilẹ̀ pa òṣùwọ̀n dà láàárín ìkà. Ní 12 Oṣù Kejìlá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fòpin sí àtúnkà náà. Adájọ́ 7 nínú 9 rí àléébù nínú àìdọ́gba òṣùwọ̀n. 5 ní àkókò àtúnṣe ti kọjá. Ìbò 537 ni George Bush fi borí Al Gore níbẹ̀.

Minnesota, 2008

Nínú ìdìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, Norm Coleman fi ìbò 215 ṣíwájú Al Franken nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 2.9. A fi ọwọ́ tún gbogbo rẹ̀ kà. Òfin ti là á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé:

(a) bí àmì bá yà kúrò ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó sún mọ́ orúkọ kan débi pé èrò olùdìbò hàn kedere, ìbò ni;
(b) bí a bá sàmì sí orúkọ méjì, tí a sì gbìyànjú láti pa ọ̀kan rẹ́, èyí tí ó kù ni ó ni ìbò;
(d) bí olùdìbò bá mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì ìdánimọ̀ sí ìwé rẹ̀, ìwé náà di òfo.

Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà: aṣojú olùdíje méjèèjì ń wo ìkà, ìwé tí wọ́n bá sì takò a lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 5 ní gbangba. Franken fi ìbò 49 ṣíwájú. Ìbò àfiránṣẹ́ tí a ti kọ̀ lọ́nà àìtọ́ sọ ọ́ di 225. Ẹjọ́ sọ ọ́ di 312. Ní 30 Oṣù Kẹfà 2009, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ìpínlẹ̀ náà dá Franken láre, Coleman sì gba ìdájọ́ náà lọ́jọ́ kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ tí ó ń máàkì ìdánwò mọ̀ pé bí kò bá sí ìlànà ìgbàmáàkì, ìdáhùn kan náà lè yege lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ó gba òdo lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbò. Ìlànà tí a bá gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tí a ti mọ ẹni tí ó wà níwájú yóò jọ èyí tí a ṣe fún àǹfààní ẹnì kan. Èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ó rọrùn fún ẹni tí ó fìdí rẹmi láti tẹrí ba fún.