Dókítà Olùhùmọ̀ àti Orúkọ Ẹ̀rọ Rẹ̀

Bí ènìyàn bá ń wá orúkọ Yorùbá fún dókítà tí ó ṣe irinṣẹ́ ìwòsàn tuntun, "aṣẹ̀dá" ni ó lè kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni Yorùbá sábà ń pè bẹ́ẹ̀. "Olùhùmọ̀" yẹ jù, nítorí pé ìhùmọ̀ ni ọgbọ́n tí ènìyàn dá nígbà tí ọ̀nà bá dí. Ìtàn irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí sí i: ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni ìhùmọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Willem Kolff, dókítà ará Nẹ́dálándì, ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ kíndìnrín ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì. Awọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì ni ó fi sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ní Nàìjíríà, Oviemo Ovadje, dókítà ológun, hùmọ̀ EATSET, èyí tí ń fa ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sí ikùn aláìsàn, tí ń sẹ́ ẹ, tí ó sì ń dá a padà sí ara ẹni tí ó ni ín.

Èrúwà ní ilẹ̀ Ìbàràpá ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ni jù wà. Dókítà Oluyombo Awojobi, tí ó kú ní 2015, jẹ́ oníṣẹ́ abẹ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1986 ni ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀. Iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kò sì yẹ kí oníṣẹ́ abẹ fi abẹ kan ara ènìyàn láìmọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Ó sọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere di ẹ̀rọ. Bí ó bá ti ń yí kíákíá, ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín yóò pín: sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó wúwo yóò lọ sí ìdí ọ̀pá, omi ẹ̀jẹ̀ yóò sì wà lókè. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá gba nǹkan bí 40 nínú 100, ẹ̀jẹ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ 20, ewu ń bẹ.

Kí ni kí ẹ̀rọ yìí máa jẹ́? "Afòòyìpín-ẹ̀jẹ̀" dùn létí, ṣùgbọ́n àìsàn ni òòyì lójú aláìsàn. Bí nọ́ọ̀sì bá pe orúkọ náà, ẹ̀rù lè bà á. "Afiyíyípín-ẹ̀jẹ̀" sàn jù. Bí wọ́n ti ń fi atẹ́gùn ya ìyàngbò kúrò lára ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, nítorí pé ọ̀kan fúyẹ́, èkejì wúwo, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń fi yíyí pín ẹ̀jẹ̀. Ní ti ohun tí ó ń wọ̀n, kò sí ìdí láti lọ jìnnà. Àwọn ènìyàn ti ń wí pé "ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó". "Ìwọ̀n ìtó-ẹ̀jẹ̀" ti wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Alágbẹ̀dẹ àti atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni yóò tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe bí ó bá bàjẹ́, àwọn náà ni yóò sì rọ òmíràn. Bí ó bá jẹ́ èdè òkèèrè nìkan ni a lè fi ṣàlàyé rẹ̀, ìmọ̀ náà lè bá ẹni tí ó hùmọ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ.